Ilé Alámọ̀ Tí Alájì Sulaiman Fi Símẹ́ńtì Wọ̀ Láṣọ

Kí ni a ti mọ̀ nípa ilé alámọ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí wa jọ ká tó wọ inú ìtàn. A mọ̀ pé inú rẹ̀ máa ń tutù nígbà tí oòrùn oṣù kẹta bá ń yan àwọn tó wà lábẹ́ páànù bí ẹni yan àgbàdo. A mọ̀ pé ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè wọlé síbẹ̀. A mọ̀ pé ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó sì na ẹsẹ̀ gbalaja. A sì mọ̀ pé òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: ògiri amọ̀ máa ń mí. Tí omi bá kàn án lónìí, yóò mu díẹ̀ níbẹ̀. Tí oòrùn bá yọ lọ́la, yóò tú u sílẹ̀ padà sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá dí gbogbo ojú rẹ̀ pa ti dí i nímú nìyẹn.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Wọ́n fẹnu sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, bàbá arúgbó kan tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi lé ara ògiri kí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nǹkan ti pọ̀ jù lórí ọkùnrin náà. Orúkọ oyè rẹ̀ nìkan jẹ́ mọ́kànlá.

Alájì Sulaiman ni wọ́n ń pè é. Òun ni olùdarí ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní GRA, Ìlọrin. Láàárọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ bá yà wọ ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de àlejò. Wọn á kí i ní “Ránkàdédé” lẹ́ẹ̀mẹta. Èkíní wà fún ipò rẹ̀, èkejì fún ìlera rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún, ṣùgbọ́n akọ̀wé kan tó fò ó lọ́dún tó kọjá ti bá ara rẹ̀ ní yàrá kan tí kò ní fèrèsé.

Nínú oyè mọ́kànlá yẹn, Alájì ló dájú, nítorí ó lọ sí Mẹ́kà lóòótọ́. Dókítà wá láti yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí ilé rẹ̀. Ẹnjiníà wọlé lọ́dún tó tún ẹ̀rọ ìlọta ìyàwó rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Olùgbèjà Ògiri, Ọ̀rẹ́ Òrùlé, Baba Àwọn Ìlẹ̀kùn, àti àwọn yòókù tí a kò ní kà tán lónìí, ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó wá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti gbà wọ́n. Gbogbo mọ́kànlá ló sì máa ń kọ sábẹ́ ìwé tó bá fọwọ́ sí, ìbáà jẹ́ ìwé tí wọ́n fi béèrè ìgbálẹ̀.

Báyìí ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ ni àga Akọ̀wé Àgbà ti ṣófo ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ni ọ́fíìsì wọn, ohun kan ṣoṣo tí Alájì Sulaiman sì ń fẹ́ láyé ni kí òun jókòó lé e. Ó ti lọ wo àga náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tilẹ̀ ti fọwọ́ tẹ tìmùtìmù rẹ̀ wò. Àmọ́ Kọmíṣọ́nnà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti sọ pé orúkọ mẹ́ta ló wà níwájú òun, ẹni tó bá lè fi iṣẹ́ kan tó ṣeé fojú rí hàn ni òun máa mú.

Wàhálà dé. Alájì ti lo ọdún mẹ́jọ lórí ipò, kò tún ilé kan ṣoṣo ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa kọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù, á kọ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kan ìlẹ̀kùn tuntun, á kọ̀ fún un ní ojú ìwé mẹ́rin. Ó wá di dandan kí ó rí ilé kan tún ṣe kíákíá. Ó ní kí wọ́n kó fáìlì wá, èyí tó wà lókè pátápátá sì ni ti ilé Hájíyà Talatu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ilé yìí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ilé kékeré ni, yàrá méjì àti pálọ̀ kan, lẹ́yìn ọjà Ìpàta, níbi tí ariwo ọkọ̀ tó ń kó iṣu ti máa ń dín kù. Bàbá àgbà ọkọ Hájíyà Talatu ló mọ ọ́n, oníṣòwò ọkà kan tó ti òkè ọya wá, ó sì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Òrùlé rẹ̀ gùn kọjá ògiri ní ìwọ̀n apá àgbàlagbà kan, yíká. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ilé ìtàn, ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn láìsí ọwọ́ olùdarí.

Ní òjò tó kọjá, Hájíyà Talatu jáde kí ó lọ sí ilé ìyàgbẹ́ tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ilẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Hamidat, nọ́ọ̀sì ni, ní àjà kejì ilé kan ní Basin. Ìyá kò lè sọ̀kalẹ̀, kò sì lè dákẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè ọjọ́ tí òun máa padà sílé òun. Hamidat àti ọkọ rẹ̀, Mahmud, wá pinnu pé kí gbogbo àwọn, tọmọtọmọ, kó lọ sí ilé àtijọ́ náà pẹ̀lú ìyá, bí ó bá ṣáà lè ní ilé ìwẹ̀ tí èèyàn kò ní gba inú òjò kọjá kó tó dé ibẹ̀, àti ilé ìdáná tó bójú mu.

Kò nira. Olúdáre, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ní ọ́fíìsì Alájì fúnra rẹ̀, ló bá wọn ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú Bàbá Yísà, ẹni tó ti ń mọlé alámọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ilé ìwẹ̀ á dúró lẹ́yìn ilé lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ sí ògiri àtijọ́, kí omi páìpù má baà kan amọ̀ láé. Ọ̀nà kékeré tí wọ́n fi páànù bò ni yóò so méjèèjì pọ̀. Àká ọkà àtijọ́ tó ṣófo nínú ọgbà á di ilé ìdáná, ó kúkú ní ihò tí èéfín lè gbà jáde tẹ́lẹ̀. Wáyà iná á gba inú páìpù tó hàn sójú, wọn kò ní gbẹ́ ògiri. Wọn á sì tún ògiri rẹ́ pẹ̀lú amọ̀, koríko gígé, ìgbẹ́ màlúù, àti omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní makuba, tí kì í jẹ́ kí òjò tètè fọ amọ̀ lọ. Ẹ kíyè sí i: kò sí ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wó. Bí àwọn ọmọ ọmọ wọn kò bá fẹ́ ilé ìwẹ̀ náà mọ́, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò, ilé á sì wà bó ṣe wà.

Oṣù méje ni ìwé yìí fi sùn sórí tábìlì Alájì. Nígbà tó jí, ó fèsì pé òun kò gbà.

Hamidat lọ bá a ní ọ́fíìsì. Ó dúró láti aago mẹ́sàn-án títí wọ́n fi kírun Ìrọ̀lẹ́ tán kó tó rí i. Alájì fẹ̀yìn tì, ó sì ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń bá ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ̀rọ̀.

“Hamidat, fi ara balẹ̀ gbọ́. Bàbá tó mọ ilé yẹn, ṣé ó ní ilé ìwẹ̀ mọ́ ilé? Kò ní. Ṣé ó ń fọ eyín lábẹ́ òrùlé? Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí èmi Olùgbèjà Ògiri wá la ojú mi sílẹ̀, kí omi ọṣẹ máa ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn?”

“Alájì,” ni Hamidat wí, “ìyá mi ló ń gbé inú ìtàn náà. Ìbàdí rẹ̀ ló sì ṣẹ́ níbẹ̀.”

Alájì ní ó ṣe òun láàánú púpọ̀, ó sì tẹ aago kí wọ́n mú ẹlòmíràn wọlé.

Ṣùgbọ́n Alájì tó kọ̀ ní oṣù kìíní ni Alájì tó ń wá ilé tó máa tún ṣe ní oṣù kejì. Ó ní òun fẹ́ lọ fojú ara òun rí ilé náà. Mọ́tò mẹ́ta ló gbé e dé Ìpàta, àwọn kẹ̀kẹ́ sì dúró kí wọ́n lè wo ẹni tó kú. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó bá ewúrẹ́ méjì tó ń fi ara nu ògiri. Ojú rẹ̀ le. Níbẹ̀ ló ti pe Àṣẹ Kìíní: ewúrẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi ara kan ilé ìtàn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ kan tì í. Àwọn ewúrẹ́ jẹ ìwé náà lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Yísà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Alájì ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri kọ̀ọ̀, ó ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ara rẹ̀ ti hunjọ, pé kò dán, pé ilé tí Kọmíṣọ́nnà máa wò gbọ́dọ̀ máa kọ mànà. Símẹ́ńtì ni òun fẹ́, kí wọ́n fi rẹ́ ẹ tinú tòde, kí wọ́n wá fi pẹ́ńtì aláwọ̀ wúrà tó ń dán kùn ún lé e. Àwọn tó yí i ká ní èrò ńlá ni. Ọ̀kan ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ Ìlọrin rí. Òmíràn ní òun máa sọ ọmọ tí ìyàwó òun fẹ́ bí ní Símẹ́ńtì. Bàbá Yísà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó tọrọ àyè, ó di ọwọ́ ọ̀tún Alájì mú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri.

“Ẹ fọwọ́ bà á, Alájì. Ṣé ẹ rí i pé ó tutù? Omi tó ń jáde ló ń mú un tutù. Tí ẹ bá fi símẹ́ńtì dé e, ibo ni omi yẹn máa gbà?”

Alájì yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà, erùpẹ̀ pupa ti wà lára rẹ̀. Ẹnì kan sáré mú àǹkáṣíìfù wá. Ó sọ fún Bàbá Yísà pé ó ṣeun, àmọ́ òun gẹ́gẹ́ bí Ẹnjiníà mọ ibi tí omi ń gbà. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá nìyẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n rẹ́ ilé náà ní símẹ́ńtì láti ilẹ̀ dé òrùlé. Wọ́n kùn ún ní pẹ́ńtì wúrà títí àwọn awakọ̀ kẹ̀kẹ́ fi ń di ojú. Wọ́n fi táìlì funfun tẹ́ pálọ̀. Wọ́n gbé òpó ńlá méjì sí ẹnu ọ̀nà, tí kò gbé nǹkan kan dúró, nítorí Alájì ti rí irú rẹ̀ níwájú báǹkì kan. Ilé ìwẹ̀ tí Hamidat bẹ̀bẹ̀ fún, wọn kò kọ́ ọ. Alájì kọ̀wé sí i pé ìyá rẹ̀ lè padà wá gbé níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dáná, kò gbọdọ̀ sá aṣọ, kò sì gbọdọ̀ jókòó ní pálọ̀ tí àlejò bá ń bọ̀.

Hamidat ka lẹ́tà náà fún ìyá rẹ̀. Hájíyà Talatu béèrè bóyá òun ṣì láṣẹ láti mí níbẹ̀.

Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n fẹ́ ṣí i, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí Alájì ti wà lórí àga rẹ̀ kí àṣírí tó tú. Kì í ṣe ẹlòmíràn ló dá a dúró. Òkúta ìrántí ni.

Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sára máábù, kí wọ́n fi mọ́ iwájú ilé. Òkúta àkọ́kọ́ dé, oyè mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbàgbé Ọ̀rẹ́ Òrùlé. Alájì ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n sì sún ọjọ́ síwájú. Èkejì dé ní oṣù kẹrin, oyè mọ́kànlá pé, àmọ́ àyè kò tó mọ́, orúkọ Alájì fúnra rẹ̀ wá rí tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí orúkọ ẹni tó tẹ̀wé. Wọ́n tún dá a padà, wọ́n tún sún ọjọ́. Ẹ̀kẹta ga tó ìlẹ̀kùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Wọ́n lu ihò sára amọ̀, wọ́n fi irin gbá a mọ́ ọn.

Ayàwòrán dé láti gbìyànjú fọ́tò. Ó yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òjìji òrùlé ń bo òkúta, lẹ́tà kò hàn. Alájì gbójú sókè. Ó wo etí òrùlé gígùn náà bí ẹni wo ọ̀tá tó ti ń wá tipẹ́. Ọ̀rẹ́ Òrùlé ni, ẹ má gbàgbé. Ó ní kí wọ́n gé e kúrò, kó bá ògiri dọ́gba.

Olúdáre kọ̀wé sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Kò kọ ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní etí òrùlé yẹn ni agbòjò ilé náà. Tí wọ́n bá gé e, òjò á máa ṣàn lu ògiri tààrà, á gba ẹ̀gbẹ́ òkúta àti ojú ibi tí símẹ́ńtì ti sán wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dúró. Ìwé náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán, ìdáhùn Alájì wà ní etí rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì àwọ̀ ewé:

“Mo ti rí i. Kí ògiri náà tẹ̀lé àṣẹ.”

Oyè mọ́kànlá tẹ̀ lé e.

Wọ́n gé òrùlé ní oṣù karùn-ún. Òjò dé lọ́jọ́ kẹta sí i.

Ní oṣù kẹfà, tí gbogbo nǹkan wá pé, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó dá láàárọ̀ ọjọ́ ìṣílé. Olúdáre tètè dé ibẹ̀. Ó rí i pé ògiri iwájú ti yọ ikùn. Ó fi ìka kàn án, ó dún gbọn-gbọn bí ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo. Ó lọ bá Alájì, ó sọ fún un pé kí wọ́n jẹ́ kí ayẹyẹ náà wáyé ní ibòmíràn. Alájì ní ìlara ló ń dà á láàmú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Olúdáre jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí àga òun sì wà lábẹ́ òkúta gan-an, nítorí fọ́tò.

Olúdáre kò jiyàn. Ó lọ sọ fún àwọn tó ń pa àtíbàbà pé oòrùn máa mú, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ní ogún ìṣísẹ̀. Wọ́n gbé e. Báyìí ni Kọmíṣọ́nnà, àwọn àlejò, àti Hájíyà Talatu, tí Mahmud gbé sọ̀kalẹ̀ láti àjà kejì ní Basin lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣe jókòó jìnnà sí ilé náà. Alájì nìkan ló kù lábẹ́ ògiri, lórí àga aláwọ̀ wúrà, pẹ̀lú ojú ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ pé.

Olóòtú ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹnu. Ó ní òun fẹ́ pe ẹni tó jẹ́ pé bí kò bá sí, ilé àtijọ́ ì bá ti di tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Àṣà Alájì ni pé tí wọ́n bá pe oyè kan, á dìde, á tẹ̀ síwájú, á tẹrí ba, á padà jókòó, kí àtẹ́wọ́ lè tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alájì: ó dìde, ó jókòó. Dókítà: ó dìde, ó jókòó. Ẹnjiníà. Olùgbèjà Ògiri. Ní ìgbà keje, òógùn ti bo ojú rẹ̀. Ní ìkẹjọ, nǹkan kan ró kẹ́kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó rò pé àtẹ́wọ́ ni. Olúdáre dìde dúró lẹ́yìn, ó ń juwọ́ sí i. Alájì juwọ́ padà sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Ọ̀rẹ́ Òrùlé,” ni olóòtú pè, èyí tó ṣe ìkọkànlá.

Alájì dìde, ó tẹ̀ síwájú. Nítorí pé ó gbẹ̀yìn, ó tẹ̀ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tẹrí ba títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ibi tó ti tẹrí ba náà ni ògiri ti ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Símẹ́ńtì àti pẹ́ńtì wúrà bọ́ kúrò lára ilé láti òkè délẹ̀, odindi, bí ẹni bó iṣu sísè. Òkúta máábù bá a lọ. Ó balẹ̀ sórí àga Alájì, àga náà sì di pẹlẹbẹ. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ṣàn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kún bàtà Alájì, ó dúró ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Òpó méjèèjì nìkan ló dúró ṣinṣin, nítorí kò kúkú sí ohun tí wọ́n ń gbé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá Alájì rìn ṣèèṣì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáwọ́.

Ohùn tó kọ́kọ́ dún ni ti Hájíyà Talatu.

“Sulaiman, ọmọ Gàní,” ló wí, “ṣé kò bà ọ́?”

Láti ìgbà tí Gàní, bàbá rẹ̀, ti kú, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sí oyè kan níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó mi orí bí ọmọ tó fọ́ àwo, ó ní kò ba òun, mà.

“Alhamdulillahi. Ó dáa kí o kúrò nínú amọ̀ yẹn. Ilé mi ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ.”

Kọmíṣọ́nnà rìn wá síwájú. Ó béèrè pé ta ló ní kí wọ́n gé òrùlé. Alájì kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru àwọn ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ni. Ó ní òjò ọdún yìí kò gba àṣẹ kó tó dé. Ó ní Olúdáre mọ̀ nípa rẹ̀, ó sì dákẹ́. Kọmíṣọ́nnà ní kí wọ́n mú fáìlì wá. Olúdáre ti mú un dání.

Kọmíṣọ́nnà ka ìwé símẹ́ńtì. Ó ka ìwé pẹ́ńtì. Ó ka ìwé òrùlé, ó ka lẹ́tà Olúdáre, ó ka ìdáhùn àwọ̀ ewé tó wà ní etí rẹ̀. Ó tún ṣí ìwé tí Alájì fi kọ ilé ìwẹ̀ sílẹ̀, ó wo àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Alájì, oyè mọ́kànlá ni mo kà lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ẹni mélòó ni mo máa kọ̀wé dá dúró?”

Ìwé tí Alájì lè ní òun kò fọwọ́ sí kò sí. Ó ti fi gbogbo ara fọwọ́ sí wọn.

Àga Akọ̀wé Àgbà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ kejì. Alájì Sulaiman kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ṣá, nítorí ìjọba kì í sábà sọ nǹkan nù. Ó máa ń gbé e sí ibòmíràn ni. Wọ́n gbé e lọ sí oko ìwádìí kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n fi ìgò onílà kan lé e lọ́wọ́. Láàárọ̀ kùtù ló máa ń lọ wo ìwọ̀n òjò tó rọ̀ sínú rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀, á da omi náà nù. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ nínú ìwé náà kò ju ìka méjì lọ. Kò sẹ́ni tó ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ó ti ń kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ilé ńkọ́? Wọ́n fọwọ́ sí àwòrán Hamidat láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àmọ́ Bàbá Yísà kò kánjú. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀rá bo ògiri tó ṣí sílẹ̀ títí òjò á fi lọ. Ní oṣù kọkànlá, ó bó símẹ́ńtì yòókù kúrò díẹ̀díẹ̀, tinú tòde, ó sì jẹ́ kí amọ̀ gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wá mọ iwájú padà ní ìpele-ìpele, ó ń dúró de ọ̀kan kó le kó tó gbé òmíràn lé e. Wọ́n dá etí òrùlé padà. Ilé ìwẹ̀ dúró lẹ́yìn ilé lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, pẹ̀lú irin tí ìyá lè dì mú. Àwọn ọmọ Hamidat gba yàrá tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n ń jà lórí ẹni tó máa sùn sójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ tí Hájíyà Talatu wọlé, ó fi ọ̀pá rìn fúnra rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé pálọ̀. Ó jókòó. Hamidat béèrè bóyá ó fẹ́ omi, bóyá ó fẹ́ ìrọ̀rí, bóyá ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ìyá ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun gbọ́ ariwo Ìpàta.

Ó kù sí ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ kà á. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lásán. Ẹ dán an wò. Ẹ po amọ̀, ẹ fi ṣe ìṣù méjì tó tó ìkúùkù, ẹ jẹ́ kí méjèèjì gbẹ dáadáa. Ẹ fi símẹ́ńtì bo ọ̀kan yíká, kí ìdí rẹ̀ nìkan ṣí sílẹ̀. Ẹ fi èkejì sílẹ̀ lásán. Nígbà tí símẹ́ńtì bá le, ẹ gbé méjèèjì lé yanrìn tútù nínú àwo fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá gbé wọn sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ là wọ́n sí méjì kí ẹ wo inú wọn. Ọ̀kan á ti gbẹ, ìkejì á ṣì rọ̀. Ẹ gbé èyí tó rọ̀ yẹn lọ́wọ́, ẹ lọ bá ẹni tó fẹ́ fi símẹ́ńtì rẹ́ ilé bàbá àgbà yín, ẹ fi lé e ní àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì ní kó tẹ̀ ẹ́ wò.